PÍPÍN ILẸ̀ ÁFÍRÍKÀ SÍ ẸKÙN: ÀRÍYÀNJIYÀN TÍ KÒ TÍÌ TÁN ÀTI Ẹ̀KỌ́ INÚ RẸ̀ FÚN ÀWA MÙSÙLÙMÍ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Allah, Ọba tí ó tẹ́ ilẹ̀ fún ẹ̀dá, tí ó sì la ọ̀nà sí i kí àwọn ènìyàn lè máa rìn. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ kí ó máa bá aṣíwájú wa, Ànábì Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó ń tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí lè dà bí ohun tí kò kan àáfà. Ẹlòmíràn á ní, "Kí ló kan oníkéú kan máàpù?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún mi. Ìlà tí ènìyàn kan jókòó fà sórí ìwé lè sọ ẹnìkan di ọmọ ilé, kí ó sì sọ ẹnìkejì di àlejò. Ó lè sọ ibi tí owó yóò lọ, ibi tí oògùn yóò lọ, àti ẹni tí yóò jókòó níbi ìpàdé. Nígbà kan rí, ó tilẹ̀ ń sọ ẹni tí wọ́n lè mú lẹ́rú àti ẹni tí ọwọ́ kò gbọdọ̀ kàn. Orúkọ àwa Yorùbá wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, bí a ó ti rí i níwájú. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ó yẹ kí a yẹ ìtàn yìí wò.

1. ORÚKỌ KAN, ILẸ̀ PÚPỌ̀

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ náà fúnra rẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Róòmù ṣẹ́gun ìlú Kátééjì ní ọdún 146 ṣáájú ìbí Ànábì Ísá, ìpínlẹ̀ kékeré kan ní apá ibi tí Tùnísíà wà lónìí ni wọ́n fún ní orúkọ Áfíríkà. Kò dé Kánò, kò dé Ìlọrin, kò tilẹ̀ dé Íjíbítì. Nígbà tí àwọn Lárúbáwá dé ibẹ̀, wọ́n gba orúkọ náà mọ́ àwọn ará Róòmù lọ́wọ́, wọ́n ń pè é ní Ifriqiya, àyíká kan náà ni wọ́n sì fi ń pè. Ibẹ̀ ni Uqba bin Nafi' tẹ ìlú Kairouan dó sí ní ọdún 670. Nítorí náà, bí àáfà ayé ijọ́un bá ní òun ń lọ sí Ifriqiya, kì í ṣe ọ̀dọ̀ tiwa ló ń bọ̀ o. Kairouan ló ń lọ.

Àwọn Gíríìkì àtijọ́ náà jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Líbíà ni wọ́n ń pe ilẹ̀ yìí nígbà náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní odò Náílì ni ààlà láàrin rẹ̀ àti Éṣíà. Herodotus, òpìtàn tí ó gbé ayé ní ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Ànábì Ísá, kò gbà fún wọn. Ó ní bí odò bá jẹ́ ààlà, a jẹ́ pé a ti la Íjíbítì sí méjì nìyẹn, ilẹ̀ tí ó sì wà láàrin àwọn ẹnu odò náà kò ní sí ní Éṣíà, kò ní sí ní Líbíà. Yóò kàn wà láìní ilé ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ptolemy gbé ààlà náà lọ sí ọrùn ilẹ̀ tí ó so Íjíbítì pọ̀ mọ́ Éṣíà, níbi tí wọ́n wá la ipa omi Súẹ́ẹ̀sì gbà parí ní ọdún 1869. Ibẹ̀ ni máàpù wa fi í sí títí di òní. Síbẹ̀ náà, ilẹ̀ Sínáì, tí ó jẹ́ ti Íjíbítì, wà ní òdìkejì. Ṣé ẹ rí i pé àti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kò ti dọ́gba.

2. BÍ ÀWỌN ONÍMÍMỌ̀ MÙSÙLÙMÍ ṢE PÍN IN

Àwọn onímímọ̀ Mùsùlùmí ayé àtijọ́ kò ní orúkọ kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń pe gbogbo ilẹ̀ yìí. Misra dá dúró lọ́tọ̀. Ifriqiya tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni Maghrib, tí ó túmọ̀ sí ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí. Ní gúúsù aṣálẹ̀, láti etí òkun Àtìláńtíìkì lọ sí apá odò Náílì, ni Bilad as-Sudan, ìyẹn ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú. Habasha ni ilẹ̀ Ẹtiópíà àti àyíká rẹ̀. Etíkun ìlà-oòrùn ni wọ́n ń pè ní ilẹ̀ Zanj.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló pín in bákan náà. Al-Idrisi parí ìwé rẹ̀ ní ọdún 1154 fún Roger Kejì, ọba Sísílì. Ó pín ayé tí ènìyàn ń gbé sí ọ̀nà méje, tí a tò léra bí ọ̀já láti gúúsù lọ sí àríwá, ó sì gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́wàá. Àádọ́rin máàpù ló jẹ́ lápapọ̀. Gúúsù ló sì fi sí òkè! Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń rí àríwá lókè nínú máàpù ilé-ìwé rò pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́hun ṣe é. Rárá o, ènìyàn ló yàn án.

Al-Bakri ní tirẹ̀ kọ ìwé ní ilẹ̀ Andalus ní ọdún 1068, ó sì ròyìn ìjọba Ghana àtijọ́, bí olú-ìlú rẹ̀ ṣe jẹ́ ìlú méjì, tí mọ́ṣálááṣí méjìlá sì wà nínú ìlú tí àwọn Mùsùlùmí ń gbé. Kò dé ibẹ̀ rí. Ó bi àwọn tí ó dé ibẹ̀ ni, ó sì ka ìwé àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀. Ibn Battuta ní tirẹ̀ rìn ín: ó dé Mogadishu àti Kilwa ní ọdún 1331, ó gba inú aṣálẹ̀ dé Màlì ní ọdún 1352. Síbẹ̀, nígbà tí ó rí odò Ọya, Náílì ló pè é. Bí ẹni tí ó fojú rí i bá lè pè é bẹ́ẹ̀, kí ni ká retí lọ́dọ̀ ẹni tí ó jókòó sí ààfin ọba ìlú òkèèrè?

Ibn Khaldun, tí ó kọ Muqaddimah ní ọdún 1377, sọ ohun ńlá kan. Àwọn kan ń sọ pé èpè tí Ànábì Nuhu ṣẹ́ fún ọmọ rẹ̀ Ham ló sọ àwa ènìyàn di dúdú. Ibn Khaldun ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ooru oòrùn ilẹ̀ náà ló fà á. Èyí dára. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́, nítorí òtítọ́ ni iṣẹ́ àáfà: ọkùnrin yìí kan náà kọ ọ̀rọ̀ tí kò dára nípa ìwà àwọn tí ń gbé ní ọ̀nà kìn-ín-ní, níbi tí ooru ti mú jù. Pípín ilẹ̀ ti di pípín ènìyàn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó tún padà bá a.

Nígbà tí ó di ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Hasan al-Wazzan, tí wọ́n bí ní Granada tí ó sì dàgbà ní Fez, bọ́ sọ́wọ́ àwọn ajalèlókun ní ọdún 1518. Wọ́n mú un lọ sí Róòmù, níbẹ̀ ni wọ́n ti fún un ní orúkọ Leo Africanus. Ìwé rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní Venice ní ọdún 1550 pín Áfíríkà sí mẹ́rin: Barbary létí òkun, Numidia, Libya tí í ṣe aṣálẹ̀, àti ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú. Ó pẹ́ gan-an tí àwọn Òyìnbó fi ń fi ìwé yìí mọ̀nà. Ojú tí Mùsùlùmí ará Fez fi wo ilẹ̀ yìí ni Yúróòpù kọ́kọ́ yá lò.

3. ÌWÉ AHMAD BABA, ÀTI ORÚKỌ WA NÍNÚ RẸ̀

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n nìyí. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbẹ̀.

Ahmad Baba jẹ́ àgbà onímímọ̀ ìlú Timbuktu. Wọ́n bí i ní ọdún 1556. Ní ọdún 1591, ọmọ ogun ọba Mòrókò gba inú aṣálẹ̀ wá, wọ́n fi ìbọn ṣẹ́gun ìjọba Songhai. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ wọ́n kó àwọn onímímọ̀ Timbuktu ní ìgbèkùn lọ sí Marrakech, Ahmad Baba sì wà nínú wọn. Kò padà sílé títí di ọdún 1608. Ẹ rò ó wò: Mùsùlùmí kó Mùsùlùmí ní ìgbèkùn, wọ́n sì jọ ń kírun sí Kíbìlà kan náà.

Ní ọdún 1615, àwọn ará Tuwat, tí ó wà ní apá gúúsù Àljíríà òde òní, kọ̀wé sí i. Ìbéèrè wọn rèé ní ṣókí: Àwọn olówò ń kó ẹrú wá bá wa láti ilẹ̀ Sudan. Òmíràn nínú wọn ní Mùsùlùmí ni òun. Báwo ni a ó ṣe mọ ẹni tí ó tọ́ kí a rà àti ẹni tí kò tọ́?

Èsì tí Ahmad Baba fún wọn ni ìwé tí à ń pè ní Mi'raj as-Su'ud. Ohun méjì ló ṣe nínú rẹ̀. Èkíní, ó sọ gbangba pé àwọ̀ ara kọ́ ni ó ń sọ ènìyàn di ẹrú. Ó kọ ìtàn èpè Ham sílẹ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ Ibn Khaldun gbè é lẹ́sẹ̀. Lójú rẹ̀, àìgbàgbọ́ nìkan ni ìdí tí òfin mọ̀. Ẹni tí ó bá ti jẹ́ Mùsùlùmí, ìbáà dúdú bí kóró iṣin, a kò gbọdọ̀ rà á, a kò gbọdọ̀ tà á. Ní ayé ìgbà náà, ọ̀rọ̀ akin ni èyí, pàápàá lẹ́nu ẹni tí àwọn ará àríwá ti dè rí.

Èkejì, ó to orúkọ ilẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ó ní Bọ̀rnú, Kánò, Kàtsínà, Gòbír, Songhai àti Màlì jẹ́ ilẹ̀ Mùsùlùmí. Ó wá to àwọn tí ó kà sí ilẹ̀ aláìgbàgbọ́: Mossi, Gurma, Bùsà, Bọ̀rgú, Dagomba, Kotokoli, àti Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ ni, Yorùbá! Ó wà lára àwọn ibi tí a ti kọ́kọ́ rí orúkọ wa ní kíkọ sílẹ̀ nínú ìwé. Àwọn ọmọ wa máa ń yọ̀ bí wọ́n bá gbọ́ pé orúkọ wa ti wà lákọsílẹ̀ láti ọdún 1615. Àmọ́ kí wọ́n tó yọ̀, kí wọ́n bèèrè irú àkọsílẹ̀ tí ó jẹ́. Àkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n lè rà ni.

Mi ò bú Ahmad Baba o. Ẹni tí ó fẹ́ gba ènìyàn là ni. Ó fi ìwé rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tí ń kó Mùsùlùmí tà. Àmọ́ ilẹ̀kùn tí ó tì mọ́ apá kan ṣí sílẹ̀ sí apá kejì. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí ni ewu tí ń bẹ nínú kí a fi ilẹ̀ ṣe ìdájọ́ ẹni tí ń gbé inú rẹ̀. Ilẹ̀ kì í kírun. Ènìyàn ní ń kírun. Nínú ilẹ̀ tí a pè ní ti aláìgbàgbọ́, Mùsùlùmí lè wà níbẹ̀ tí ń gba ààwẹ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Nínú ilẹ̀ tí a pè ní ti Mùsùlùmí, ẹ̀yin náà mọ irú ènìyàn tí ó lè wà níbẹ̀.

Ohun tí ó sì ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ìsìláàmù wọ ilẹ̀ Yorùbá díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀nà Màlì àti àwọn oníṣòwò rẹ̀, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi gbà pé láti ara orúkọ Màlì ni a ti rí "ìmàle". Nígbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ dàrú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lẹ́rú, Mùsùlùmí pọ̀ nínú wọn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1835, nínú oṣù Ràmàdáánì, àwọn Mùsùlùmí ẹrú àti olómìnira dìde ogun ní Bàhíà ní ilẹ̀ Bùràsíìlì. Malê ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀; ìmàle wa náà ni. Yorùbá ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n sì bá ìwé tí a fi Lárúbáwá kọ lára wọn. Àwọn tí ó kó wọn kọjá òkun kò ka Mi'raj as-Su'ud, wọn kò sì bi ẹnikẹ́ni ní ẹ̀sìn rẹ̀. Àmọ́ ìtàn wọn fi hàn wá pé kò sí ìlà tí a fà yí ilẹ̀ ká tí ó mọ ohun tí ó wà ní ọkàn ẹni inú rẹ̀.

4. ORÚKỌ TÍ ÀLEJÒ FÚN WA

Nígbà tí àwọn ènìyàn wa bẹ̀rẹ̀ sí lọ sí Hajj, orúkọ mìíràn ń dúró dè wọ́n níbẹ̀. Ní Mákà, Mẹ̀dínà àti Misra, Takruri ni wọ́n ń pe gbogbo ẹni tí ó bá ti apá ìwọ̀-oòrùn Sudan wá. Takrur jẹ́ ìjọba kan ṣoṣo létí odò Sẹ̀nẹ̀gà nígbà láéláé. Muhammad Bello ti Ṣókótó, nínú ìwé rẹ̀ Infaq al-Maysur tí ó kọ ní ọdún 1812, ṣàkíyèsí pé orúkọ yìí gbajúmọ̀ lọ́hùn-ún, àwọn tí wọ́n fi ń pè gan-an kò sì mọ̀ ọ́n nílé. Ẹ ò rí nǹkan! Síbẹ̀, Bello fúnra rẹ̀ lo orúkọ náà lórí ìwé rẹ̀, kí ẹni tí ó wà lókèèrè lè mọ ibi tí ó ń sọ.

Ní Al-Azhar náà, ẹkùn-ẹkùn ni wọ́n ń pín ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí: ti àwọn ará Maghrib wà, ti Bọ̀rnú wà, ti Jabarti láti Habasha wà. Pípín yìí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Kí àlejò lè rí ẹni tí ó gbọ́ èdè rẹ̀ ni, kí ó sì rí oúnjẹ jẹ. Lọ́wọ́ kan, pípín ń dáàbò boni. Lọ́wọ́ kejì, ó ń tani. Ohun tí a fẹ́ fi ṣe ló yàtọ̀.

5. PÍPÍN TI ÀWỌN ÒYÌNBÓ

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Hegel, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Jámánì, kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Berlin pé ọ̀nà mẹ́ta ni Áfíríkà pín sí. Àríwá aṣálẹ̀, ó ní ti Yúróòpù ni. Àfonífojì Náílì, ó so ó mọ́ Éṣíà. Gúúsù aṣálẹ̀ ni ó pè ní Áfíríkà gan-an, ó sì ní kò ní ìtàn. Ẹ wo ọgbọ́n inú rẹ̀: ó kọ́kọ́ yọ Kairouan kúrò, ó yọ Misra kúrò, ó wá wo ìyókù, ó ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Timbuktu pẹ̀lú ìwé rẹ̀ wà ní apá tí ó ní kò ní ìtàn yìí.

Láti oṣù kọkànlá ọdún 1884 sí oṣù kejì ọdún 1885, àwọn ìjọba Yúróòpù ṣe ìpàdé ní Berlin. Kò sí ọmọ Áfíríkà kan nídìí tábìlì náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti fa gbogbo ìlà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin bí wọn yóò ṣe máa gba ilẹ̀ ni wọ́n ṣe, wọ́n sì fa ọ̀pọ̀ jù nínú ìlà náà lẹ́yìn ìpàdé, ní méjì-méjì. Ọ̀kan nínú wọn ni àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní oṣù kẹjọ ọdún 1889, èyí tí ó ya Kétu àti Sábẹ̀ sí ọwọ́ Faransé, tí ó sì fi àwa yòókù sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ìyá méjì jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, èkíní ń sọ Faransé, èkejì ń sọ Gẹ̀ẹ́sì.

Orúkọ náà tún dàrú. Faransé pe Màlì ní Sudan tirẹ̀ títí di ọdún 1960. Gẹ̀ẹ́sì àti Íjíbítì ní Sudan tiwọn ní ìlà-oòrùn, èyí ni ó sì mú orúkọ náà lọ nígbà tí ó gba òmìnira ní ọdún 1956. Orúkọ tí ó jẹ́ ti gbogbo ilẹ̀ dúdú látijọ́ wá di ti orílẹ̀-èdè kan, èyí tí òun náà sì tún pín sí méjì ní ọdún 2011.

6. PÍPÍN TI ÒDE ÒNÍ

Ẹ má rò pé àríyànjiyàn náà parí nígbà tí Òyìnbó lọ. Ní ọdún 1976, àjọ OAU fi ẹnu kò pé ẹkùn márùn-ún ni Áfíríkà: àríwá, ìwọ̀-oòrùn, àárín, ìlà-oòrùn àti gúúsù. Àjọ AU tí ó rọ́pò rẹ̀ ṣì ń lo márùn-ún yìí fún orílẹ̀-èdè márùndínlọ́gọ́ta tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó tilẹ̀ ń ka àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó wà lẹ́yìn òkun sí ẹkùn kẹfà. Àwọn ọmọ ọmọ Malê ní Bùràsíìlì wà nínú rẹ̀.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé náà ní ẹkùn márùn-ún. Àmọ́ márùn-ún yìí kì í ṣe márùn-ún yẹn! Sùdáánì wà ní àríwá lọ́dọ̀ Àjọ Àgbáyé, ó wà ní ìlà-oòrùn lọ́dọ̀ AU. Mọriténíà wà ní ìwọ̀-oòrùn níbí, ó wà ní àríwá lọ́hùn-ún. Àǹgólà wà ní àárín níbí, ó wà ní gúúsù lọ́hùn-ún. Mòsáńbíìkì, Sáńbíà, Màláwì àti Sìmbábúè jẹ́ ìlà-oòrùn fún Àjọ Àgbáyé, wọ́n jẹ́ gúúsù fún AU. Àjọ Àgbáyé ní tirẹ̀ sọ pé nítorí ìṣirò nìkan ni òun ṣe pín in bẹ́ẹ̀, kì í ṣe nítorí òṣèlú. Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé tún ní tirẹ̀: Àljíríà wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ Áfíríkà tí ó wà ní Brazzaville, Tùnísíà àti Mòrókò tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì wà lábẹ́ ti Cairo, pọ̀ mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá Éṣíà.

Ẹ lè ní, "Kí ni gbogbo èyí já mọ́?" Ó já mọ́ nǹkan o. Ìgbìmọ̀ Àlàáfíà àti Ààbò ti AU ní ìjókòó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìwọ̀-oòrùn ní mẹ́rin, àríwá ní méjì, àwọn mẹ́ta yòókù ní mẹ́ta-mẹ́ta. Orílẹ̀-èdè tí ó bá yí ẹkùn padà ti yí àwọn tí yóò bá du ipò padà nìyẹn. Kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ dúró sí ojú kan. Mọriténíà jáde kúrò nínú ECOWAS ní ọdún 2000, ó ti wà nínú àjọ àwọn ará Maghrib láti ọdún 1989. Rùwáńdà jáde nínú àjọ àárín Áfíríkà ní ọdún 2007, ó padà wọlé ní ọdún 2016. Mòrókò bẹ̀bẹ̀ ní ọdún 1987 kí wọ́n gba òun sí ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, wọ́n ní kì í ṣe ará Yúróòpù. Ní ọdún 2017, ó padà sí AU lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ọdún náà kan náà ló sì ní òun fẹ́ wọ ECOWAS. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, Màlì, Bùrùkínà Fasò àti Níjẹ̀ kúrò nínú ECOWAS pátápátá. Ilẹ̀ wọn kò sún rárá, ẹsẹ̀ bàtà kan kò kúrò níbi tí ó wà. Ìlà ló ń rìn.

7. ṢÉ ÒGIRI NI AṢÁLẸ̀?

Nínú gbogbo ìpín wọ̀nyí, èyí tí ó lágbára jù ni ti aṣálẹ̀ Sàhárà: àríwá rẹ̀ lọ́tọ̀, gúúsù rẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn tí ó gbà bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀rí. Èdè Lárúbáwá gbilẹ̀ ní àríwá. Ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Cairo ní ọdún 1945 so wọ́n pọ̀ mọ́ Éṣíà. Ojú òkun Mẹditaréníà sì ni ọ̀pọ̀ òwò wọn kọ sí. A kò lè sọ pé irọ́ ni.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ìhà kejì. "Sahel", orúkọ tí a fi ń pe ilẹ̀ etí aṣálẹ̀, láti inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí ó túmọ̀ sí etíkun ló ti wá. Àwọn ará àtijọ́ rí aṣálẹ̀ bí òkun, ràkúnmí sì ni ọkọ̀ rẹ̀. Òkun kì í ṣe ògiri. Ọ̀nà ni fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wà. Ọ̀nà yìí ni Mansa Musa gbà lọ sí Hajj ní ọdún 1324. Òun ni Al-Maghili gbà láti Tlemcen wá sí Kánò, tí ó sì gba Askia Muhammad ti Songhai ní ìmọ̀ràn. As-Suyuti ń jókòó ní Cairo, lẹ́tà sì ń dé bá a láti ilẹ̀ Sudan.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí ní ọjọ́ kan lẹ́yìn tí a ka Risala tán. Ó ní, "Àáfà, ẹni tó kọ ìwé yìí, ṣé Lárúbáwá ni àbí ará Áfíríkà?" Mo ní, Ibn Abi Zayd ni, ará Kairouan, ó kú ní ọdún 996. Kairouan wà ní Ifriqiya. Bí a bá wo ti orúkọ, òun gan-an ni ará Áfíríkà. Àwa la wá gba orúkọ náà lẹ́yìn! Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àmọ́ òótọ́ ni. Láti ìgbà tí ilé-kéú ti wà ní Ìlọrin, Ìbàdàn, Ìsẹ́yìn àti Èkó, ìwé ará Kairouan yìí la fi ń kọ́ àlùwàlá àti ìrun. Ọ̀nà Imam Malik tí à ń tọ̀ ni wọ́n ń tọ̀ ní Fez. Kíké Warsh tí àwọn àgbà wa ń ké ni wọ́n ń ké ní Maghrib. Ìpín wo ni ó lè ya èyí?

Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí ìpín ń ṣe. Ní oṣù kejì ọdún 2023, Ààrẹ Tùnísíà sọ̀rọ̀ sí àwọn aṣíkiri tí ó wá láti gúúsù aṣálẹ̀, ó ní ète kan wà láti fi wọ́n yí irú ènìyàn tí ó wà ní orílẹ̀-èdè òun padà. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n kọlu àwọn aláwọ̀ dúdú, wọ́n lé àwọn mìíràn jáde nínú ilé tí wọ́n háyà. Àjọ AU bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ní ilẹ̀ Kairouan gan-an, ní ilẹ̀ tí ó fún wa ní orúkọ, ni wọ́n ti ń sọ pé àwa kì í ṣe ara ilé. Ohun tí Ahmad Baba bá jà ní ọdún 1615 kò tíì kú.

8. Ẹ̀KỌ́ TÍ Ó YẸ KÍ A MÚ LỌ SÍLÉ

Kì í ṣe pé kí a má pín ilẹ̀ mọ́ ni mo ń sọ. Bí kò bá sí ìpín, a kò ní mọ ibi tí a ó kọ́ ilé-ìwòsàn sí, a kò sì ní mọ ẹni tí ipò kàn. Súrátùl-Hujurat ti kọ́ wa pé Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ló ṣe ẹ̀dá ní ẹ̀yà àti ìran, kí a lè mọ ara wa ni, kì í ṣe kí a máa fi gàgà síra wa. Òṣùwọ̀n nìyẹn. Ìpín tí ó bá jẹ́ kí a mọ ara wa, kí a gbà á. Ìpín tí ó bá ń sọ pé ẹnìkan sàn ju ẹnìkejì, kí a jù ú nù, ìbáà jẹ́ àáfà ńlá ló kọ ọ́, ìbáà jẹ́ Òyìnbó.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá rí máàpù tí a fi ọ̀dà kun ní ẹkùn-ẹkùn, ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ bi í: Ta ló fà á? Kí ni ó fẹ́ fi ṣe? Ta ni kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fà á? Bí ẹ bá rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ti mọ ìtàn ilẹ̀ náà ju ẹni tí ó há orúkọ olú-ìlú sórí lọ.

Ẹ̀yin àáfà ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a máa sọ fún àwọn ọmọ kéú ibi tí ìwé tí à ń kọ́ wọn ti wá, kí Risala má kàn jẹ́ ìwé lásán lójú wọn. Kí wọ́n mọ̀ pé ó gun ràkúnmí, ó la aṣálẹ̀ kọjá, kí ó tó dé orí ẹní tí wọ́n jókòó lé. Ọmọ tí ó bá mọ èyí, kò sí ẹni tí yóò sọ fún un pé ẹ̀yìn ògiri ni òun ń gbé tí yóò gbà.

Kí Ọlọ́hun Allah fún wa ní ìmọ̀ tí ń ṣeni ní àǹfààní. Kí Ó má ṣe jẹ́ kí a fi ìmọ̀ ya àwọn tí Ó so pọ̀. Kí Ó kẹ́ àwọn àgbà wa tí ó ti lọ, kí Ó sì dáàbò bo àwọn ọmọ wa tí ó wà lójú ọ̀nà, nínú aṣálẹ̀ àti lórí òkun. Àmín.